Ṣé ṣọ́ọ̀kì ló kú lóòótọ́? Ẹ bá wa dá sí i kí owó tó jáde

Tíṣà Ọ̀nà Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Corolla 2005 tòkunbọ̀ ni mo ní, òun ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yẹn, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí iwájú ọkọ̀ ti ń dún kó-kó-kó tí mo bá ti wọ kòtò kéékèèké, apá ọ̀tún ló sì pọ̀ jù. Tí mo bá tún sáré díẹ̀, ó máa ń léfòó bí ọkọ̀ ojú omi. Mẹkáníìkì mi tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti kú, kí n lọ rà wọ́n wá. Owó tó pè ju owó oṣù mi lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má rà á rárá, pé àwọn kan wà tó ń rọ ọ́ìlì sínú ti àtijọ́. Mo fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe lè fi ojú ara rẹ̀ dá a mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kì ló kú, kí n tó ná kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ọ̀gá Sípánà Àkúrẹ́

Tíṣà, ẹ kú ìrìn. Ìdájọ́ mẹkáníìkì yín ti yá jù. Mi ò sọ pé irọ́ ló ń pa o, ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n títẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú kò lè sọ ohunkóhun fún un nípa ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ṣọ́ọ̀kì ń ṣe. Sípíríǹgì ló ń gbé ìwúwo ọkọ̀, ṣọ́ọ̀kì kọ́. Tí táyà bá gun nǹkan tàbí tó já sí kòtò, sípíríǹgì á fẹ́ máa fò sókè-sódò títí. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni kó dá a dúró. Ọ́ìlì ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú pístìn kan tó ní ihò tíntìntín àti fáàfù lára. Bí ọ̀pá dídán yẹn bá ṣe ń wọlé tó ń jáde, ọ́ìlì á máa gba inú àwọn ihò náà kọjá tipátipá, agbára tí ì bá máa gbọn ọkọ̀ á di ooru. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní gáàsì náítírójìn níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ọ́ìlì má baà máa hó nígbà tí iṣẹ́ bá le. Tí fáàfù bá jẹ, tàbí tí síìlì òkè (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú) bá ya tí ọ́ìlì jò dànù, ọ̀pá á máa wọlé á máa jáde láìsí ohun tó ń dá a lẹ́kun. Èyí la ń pè ní ṣọ́ọ̀kì kú.

Nítorí náà, ohun tí ẹ ó máa wò ni bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe LẸ́YÌN tó ti kọjá kòtò. Ariwo nìkan kò tó ẹ̀rí. Ṣọ́ọ̀kì tó kú pátápátá lè má dún rárá. Kó-kó-kó lórí kòtò kéékèèké, línkéèjì sitabiláísà (ọ̀pá kékeré tó so irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dẹ̀gbẹ́ jù mọ́ ṣọ́ọ̀kì) ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí, lẹ́yìn rẹ̀ búṣìn lówà-áàmù (rọ́bà inú apá irin ìsàlẹ̀ tó di wíìlì mú), bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì (oríkèé irin tí wíìlì fi ń yí), àti máúńtìn (ìjókòó tó so orí ṣọ́ọ̀kì mọ́ ara ọkọ̀). Línkéèjì kò wọ́n rárá tí a bá fi wé ṣọ́ọ̀kì. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ tán tí ariwo náà sì tún wà níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan línkéèjì.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ línkéèjì wò, ẹ jẹ́ kí táyà iwájú méjèèjì wà ní ìwọ̀n kan náà, yálà kí méjèèjì wà nílẹ̀ tàbí kí méjèèjì wà lókè lórí irin ìdúró tó dájú. Tí ẹ bá jáàkì ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, irin sitabiláísà á fà á le, èyí tó ti jẹ kò ní hàn. Ẹ di línkéèjì mú, ẹ mì ín sókè-sódò. Tí ẹ bá gbọ́ kó tàbí tí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n, ẹ ti rí ọ̀kan.

Fún máúńtìn, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀ tó dúró lójú kan, kó máa yí sítíárìn láti òpin dé òpin. Ẹ̀yin ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti so mọ́ ara ọkọ̀. Tó bá ń yí wọ́ọ́rọ́, ó dára. Tí ẹ bá mọ̀ ọ́n pé ó ń há, tó wá já lójijì pẹ̀lú ìró irin, bíárìn inú máúńtìn ti lọ nìyẹn.

Awakọ̀ Sienna

Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Inú mọ́tò kọ́ ni iṣẹ́ tèmi, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń gbé èrò, mo sì mọ bó ṣe ń rí lára.

Ohun tó burú nínú ṣọ́ọ̀kì ni pé kì í kú lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́, ara awakọ̀ á sì máa mọ́ ọn bó ṣe ń burú sí i. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn mọ̀. Tíṣà, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn tó ní irú ọkọ̀ kan náà tó ṣì le, kó wà á dé ìta lásán. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti máa sọ fún yín.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é fúnra yín, ẹ wá bọ́ǹpù kan tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn yín níbẹ̀. Ẹ pa rédíò, ẹ gbé gíláàsì sókè, ẹ gun ún pẹ̀lú eré tó mọ níwọ̀n. Lẹ́yìn tí táyà bá ti sọ̀kalẹ̀, ẹ kíyè sí imú ọkọ̀: tó bá wálẹ̀ tó sì jókòó, kò sí wàhálà, tó bá tún gbé ara nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, kó tó balẹ̀, a jẹ́ pé kò sí ẹni tó dá sípíríǹgì dúró. Kí ẹ tún wá ibi tí ẹ ti lè fi táyà ọ̀tún nìkan gun nǹkan, kí ẹ wá fi ti òsì nìkan gun ún. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ẹ̀gbẹ́ tó ń ṣe yín.

Ẹ wo bíréèkì náà. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí imú ọkọ̀ rì wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, tí ìdí sì gbéra, ó yẹ kí ẹ fura. Ní kọ́nà, ọkọ̀ á dẹ̀gbẹ́ jù. Tí tírélà bá ré yín kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ á gbá yín, ẹ ó sì tún máa fi sítíárìn wá ọ̀nà kiri fún ìgbà díẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti gálọ́ọ̀pù léraléra: táyà ò ní balẹ̀ dáadáa, ó ń fò lórí ọ̀dà, táyà tí kò sì kan ilẹ̀ kò lè dá ọkọ̀ dúró. Ẹ ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ò sì ní dúró níbi tí ẹ rò. Ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ìgbádùn ìjókòó nìkan.

Fọkanáísà Òrìta

Táyà kì í purọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ fọwọ́ pa táyà.

Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé orí ibi tó ń kan ilẹ̀, ẹ fà á yípo rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún wáyà o, táyà tó ti gbó máa ń yọ wáyà tó lè gé ọwọ́. Tó bá ń gun òkè tó ń sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín, ibì kan jẹ wọlé, ibì kejì yọ síta, ibì kẹta tún jẹ, ẹsẹ̀ yẹn ń jó lójú ọ̀nà nìyẹn. Ṣọ́ọ̀kì tó ti rẹ̀ ló sábà máa ń fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé táyà tí kò bàláńsì tàbí bíárìn wíìlì tó ti gbó náà lè ṣe irú rẹ̀. Ní orí eré, ẹ ó gbọ́ ìró kan wùù-wùù tó ń pọ̀ sí i bí eré ṣe ń pọ̀ sí i.

Ẹ má fi pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn. Tó bá jẹ́ etí inú nìkan ló jẹ, tó sì jẹ gbọọrọ láìsí gbágungbàgun, àláínmẹ́ǹtì (bí wọ́n ṣe to táyà kó dúró tọ́) ni. Tí àárín ló jẹ, atẹ́gùn pọ̀ jù níbẹ̀. Tí etí méjèèjì bá jẹ tí àárín sì ga, atẹ́gùn kò tó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi ló ń wọn atẹ́gùn ní ìgbà tí wọ́n bá rántí, nítorí náà kí ẹ wọn ìyẹn kí ẹ tó dá ṣọ́ọ̀kì lẹ́bi. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ pọ̀ jù máa ń mú kí ọkọ̀ tó le koko máa ta bí ẹni pé ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti gan.

Ọmọ Ẹlẹ́ran Mọ́níyà

Kí ló burú nínú rírọ ọ́ìlì sí i? Wọ́n bá mi ṣe tèmi, ó le bíi tuntun. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì kàn fẹ́ ká máa ra nǹkan ni. Owó ò sí níta.

Ọ̀gá Sípánà Àkúrẹ́

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ owó yẹn, mo gbọ́ ọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n á lu ihò sí ara ṣọ́ọ̀kì, wọ́n á da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ọ́ìlì míì sínú rẹ̀, wẹ́dà á wá jó ihò náà dí. Fáàfù tó ti jẹ ṣì jẹ níbẹ̀. Síìlì tó ya, tí wọn ò bá pààrọ̀ rẹ̀, ó ṣì ya, iná wẹ́dà sì lè jó rọ́bà inú rẹ̀ dànù. Gáàsì tí ilé iṣẹ́ fi sí i ti jáde, afẹ́fẹ́ lásán ló rọ́pò rẹ̀. Ọ́ìlì tó nípọn ju èyí tí wọ́n ṣe é fún ló jẹ́ kó le lọ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, òun náà ló ń fi gbogbo ìkọlù ránṣẹ́ sí máúńtìn àti ara ọkọ̀. Tó bá ti gbóná, tí afẹ́fẹ́ bá ọ́ìlì pò, ó di fóòmù, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ náà la padà sí.

Àwọn ṣọ́ọ̀kì kan wà tí wọ́n ṣe láti tú, pàápàá ti ọkọ̀ ìdíje, wọ́n ní ojú tí a fi ń tú wọn àti síìlì tí a ń rà fún wọn. Ti Corolla kò sí lára wọn. Tí owó kò bá tíì tó, ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ dín eré kù, kí ẹ dín ẹrù kù, kí ẹ ra ti iwájú nìkan tàbí ti ẹ̀yìn nìkan, èyí tó burú jù. Kí ẹ ṣáà má ra ẹyọ kan. Méjì-méjì ni, ọ̀tún àti òsì lórí ìlà kan náà, torí tí ọ̀kan bá le tí èkejì bá dẹ̀, ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan ní kọ́nà àti nígbà bíréèkì òjijì.

Àǹtí Ẹnjiníà

Ọ̀gá ti sọ pé ooru ni ṣọ́ọ̀kì ń sọ agbára dà. Ìyẹn fún wa ní àyẹ̀wò kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀, tí kò gba owó.

Ẹ wa ọkọ̀ lórí ọ̀nà tí kò dára fún bí ìdajì wákàtí. Ní kété tí ẹ bá dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan ara ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má fi ọwọ́ kan bíréèkì tàbí páìpù èéfín torí wọn yóò jó yín. Ẹ fi ọ̀tún wé òsì lórí ìlà kan náà. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ á gbóná lọ́wọ́. Èyí tó tutù nígbà tí ẹnì kejì rẹ̀ gbóná, kò ṣe iṣẹ́ kankan láti ìgbà tí ẹ ti gbéra. Tí méjèèjì bá gbóná bákan náà, àyẹ̀wò yìí kò sọ púpọ̀, ẹ lọ sí òmíràn.

Nípa títẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, mi ò ní kí ẹ pa á tì, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é bó ṣe yẹ. Orí fẹ́ńdà nítòsí iná ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì ni, páànù á tẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra kó máa jó, ẹ wá jáwọ́ nígbà tó wà nísàlẹ̀. Ó yẹ kó gòkè lẹ́ẹ̀kan, kó padà sí àyè rẹ̀, kó sì dúró. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ ti ṣe é. Ṣọ́ọ̀kì tó kú fin-ín-fin-ín nìkan ló ń mú o. Kò sí apá èèyàn tó lè yára bí kòtò ṣe ń ta táyà, nítorí náà ṣọ́ọ̀kì tó ti rẹ̀ dé ìdajì lè yege níbẹ̀. Èyí tó ti há inú náà, tí kò lè wọlé kò lè jáde, yóò yege pẹ̀lú, torí ọkọ̀ ò ní jó.

Ẹ yí sítíárìn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn táyà. Ọ̀rinrin fẹ́ẹ́rẹ́ tí eruku lẹ̀ mọ́ lókè kì í ṣe ẹ̀sùn, ọ̀pá máa ń mú ọ́ìlì bíńtín jáde bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti ṣàn dé ìdajì ara rẹ̀, tàbí tó ń kán, síìlì ti ya. Kó má baà jẹ́ pé gírísì láti ara ṣááfùtì (ọ̀pá tó ń yí táyà) tàbí ọ́ìlì bíréèkì ló ta sí i, ẹ fi aṣọ nù ún mọ́ tónítóní, ẹ wa ọkọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ tún padà wò ó. Ẹ wo rọ́bà tó bo ọ̀pá náà: tó bá ti ya, iyanrìn ń ha ọ̀pá lọ nìyẹn, ọ̀pá tó sì ní ojú egbò yóò ya síìlì tuntun pàápàá.

Ará Ilé ní Chicago

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta gbogbo ilé. Mo máa ń bá àwọn ẹbí ra ọkọ̀ níbí ránṣẹ́ sílé, mo sì fẹ́ kí Tíṣà rántí ohun méjì.

Máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ń kà. Ọkọ̀ tó wọ èbúté pẹ̀lú 140,000 lójú rẹ̀ ti rin nǹkan bíi 225,000 kìlómítà. Monroe tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì gbani nímọ̀ràn pé kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bíi 80,000 kìlómítà, orí títì tó dán ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ibí sì ti ń rìn. Nítorí náà ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló ti rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Mẹkáníìkì yín lè jàre ju bí a ṣe rò lọ.

Èkejì ni ìpẹtà. Níbí, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn ń jẹ irin lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ wo àwo irin tí ìdí sípíríǹgì jókòó lé lára ṣọ́ọ̀kì iwájú, ẹ fi sukudiráfà kàn án. Tó bá ń ṣí bí èèpo, ẹ má tún fi eré wà á mọ́. Kí ẹ sì fi ìka wá òpin sípíríǹgì nísàlẹ̀ pátápátá, ó máa ń ṣẹ́ níbẹ̀ tí a ò ní rí i lójú kan. Etí rẹ̀ tó ṣẹ́ lè gé táyà lórí ìrìn.

Tíṣà Ọ̀nà Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun, Olúwa á máa ṣọ́ yín. Mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀, a sì tẹ̀ lé ohun tí ẹ kọ síbí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Línkéèjì ọ̀tún ń mì lọ́wọ́ bí eyín tó fẹ́ yọ, ti òsì náà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì iwájú ọ̀tún rin ṣinṣin láti òkè dé ìsàlẹ̀. A nù ún, nígbà tí a padà wò ó, ó tún ti rin. Táyà rẹ̀ jẹ gbágungbàgun gẹ́gẹ́ bí fọkanáísà ṣe sọ, mo fọwọ́ pa á fúnra mi. Ti òsì gbẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ igun yẹn, ó jó ju ti ẹ̀yìn lọ. Ti ẹ̀yìn méjèèjì gbẹ, wọ́n dúró lẹ́ẹ̀kan, ooru wọn sì bára mu. Ìpẹtà wà lára àwo, àmọ́ irin ṣì le. Èrò mi ni kí n ra méjì iwájú, máúńtìn àti línkéèjì méjèèjì, kí n fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀ ná. Ṣé mo ṣe é re? Àti pé báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó dára ní ọjà?

Ìyá Páàtì Arárọ̀mí

Tíṣà, ó dára bẹ́ẹ̀. Agodi-Gate ní Ìbàdàn ni mo ti ń ta sípíà-páàtì, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ó ṣe rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, yálà lọ́dọ̀ wa tàbí ní Ládípọ̀.

Ti iwájú, ọ̀tún àti òsì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ wo ibi tí línkéèjì ń so mọ́ àti ibi tí okùn bíréèkì ń gbà. Ẹ yọ ti yín dání wá tí ó bá ṣeé ṣe, ká fi wọ́n wé ara wọn lórí káńtà.

Tuntun ni tàbí tòkunbọ̀, ẹ gbé e dúró ṣánṣán kí ọ̀pá wà lókè. Ẹ tẹ ọ̀pá wọlé tán, kí ẹ fà á jáde tán, ẹ ṣe é bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n gbé dùbúlẹ̀ pẹ́ nínú páálí, afẹ́fẹ́ lè ti bọ́ sí ibi tí ọ́ìlì yẹ kó wà, nítorí náà ẹ má fi ìgbà àkọ́kọ́ dá a lẹ́jọ́. Lẹ́yìn èyí, ó yẹ kó máa wúwo lọ́wọ́ bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí ibì kan bá wà tí ọwọ́ yín kàn já wọlé láìsí ohun tó dí i, ẹ dá a padà. Tó bá ń há, tó ń ta ọwọ́, ẹ dá a padà. Èyí tó ní gáàsì, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wọlé tí ẹ fi í sílẹ̀, á máa yọ jáde fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ti tòkunbọ̀, ọ̀dà dúdú tuntun lára rẹ̀ kò yẹ kó wú yín lórí. Ó lè jẹ́ ọ́ìlì tó jò ni wọ́n fi bò. Ẹ fi ìṣọ́ra wo ọ̀pá: kó dán, kó má ní ojú ìpẹtà kan ṣoṣo. Ẹ wo ara rẹ̀ yípo, pàápàá ìsàlẹ̀, bóyá ẹ ó rí kókó kékeré ibi tí wẹ́dà ti jó ihò dí. Èyí ni wọ́n ti rọ ọ́ìlì sí. Èmi ò ní tan yín, owó díẹ̀ ló wà láàárín tòkunbọ̀ gidi àti tuntun tó mọ níwọ̀n, tuntun ni mo máa ń sọ fún ẹbí mi.

Ẹ ra rọ́bà ìbora àti rọ́bà ìdádúró tó wà lára ọ̀pá pọ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n máa fi tú u.

Àǹtí Ẹnjiníà

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kúrò níbí: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú nọ́ọ̀tì àárín nígbà tí sípíríǹgì kò tíì di pọ̀.

Tí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí àwọn nọ́ọ̀tì mẹ́ta kéékèèké lórí ṣọ́ọ̀kì, àti ọ̀kan láàárín wọn. Àwọn kéékèèké ló so ó mọ́ ara ọkọ̀. Ọ̀kan àárín yẹn ló di sípíríǹgì mú. Ìwọ̀n tí sípíríǹgì yẹn ń tì lè pa èèyàn; tí nọ́ọ̀tì bá jáde láìsí irin ìdè, máúńtìn á fò bí ọta. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi wáyà dè é, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ sì gbé ojú lé e lórí. Irin ìdè sípíríǹgì wà, méjì ló ń jẹ́, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa dì wọ́n ní dọ́gba-dọ́gba. Tí mẹkáníìkì kò bá ní in, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ síbi tí wọ́n ti ní in.

Kí wọ́n má sì fi píláyà di ọ̀pá dídán mú láti lè dè é. Ojú egbò kan lára rẹ̀, síìlì tuntun á ya láàárín ìgbà díẹ̀.

Awakọ̀ Sienna

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọ̀gá, èmi náà ní ìbéèrè. Ìdí ọkọ̀ mi ti wálẹ̀, àní bí kò tilẹ̀ sí èrò nínú rẹ̀. Mo fẹ́ ra ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Àwọn kan ní kí n kàn ki rọ́bà sáàárín sípíríǹgì.

Ọ̀gá Sípánà Àkúrẹ́

Má ra ṣọ́ọ̀kì nítorí ìyẹn, kò ní gbé e. Ṣé o rántí pé sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀? Òun ló ti rẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Mú tépù, wọn ọ̀nà láti àárín wíìlì dé etí fẹ́ńdà lókè rẹ̀, ní ọ̀tún àti ní òsì, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, láìsí ẹrù, kí atẹ́gùn táyà sì bára mu. Fi wé Sienna ọdún kan náà tó ṣì dúró dáadáa ní gáréèjì yín. Tí ìyàtọ̀ bá wà, sípíríǹgì méjèèjì lo máa rà.

Rọ́bà tí wọ́n ń ki sáàárín rẹ̀ ń gbé ọkọ̀ sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti di àwọn òrùka kan pa, àwọn tó kù ló wá ń ru gbogbo iṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń ṣẹ́. Ọkọ̀ á tún le gan-gan-gan, ìkọlù á máa lọ tààrà sí ara ọkọ̀ àti sí ẹ̀yìn èrò. Tí o bá sì rí i pé ọkọ̀ tún ń jó lẹ́yìn tí sípíríǹgì tuntun ti wọlé, ìgbà náà la ó wá sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì, torí sípíríǹgì tó lágbára máa ń tú àṣírí ṣọ́ọ̀kì tó ti rẹ̀.

Tíṣà Ọ̀nà Ọ̀yọ́

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọjọ́ Sátidé la fẹ́ ṣe é. Ṣé mo gbọ́dọ̀ ṣe àláínmẹ́ǹtì lẹ́yìn rẹ̀? Ẹni tó máa ṣe é ní kò pọn dandan.

Ọ̀gá Sípánà Àkúrẹ́

Ó pọn dandan. Nọ́ọ̀tì ńlá méjì ló so ìdí ṣọ́ọ̀kì iwájú mọ́ apá tó gbé wíìlì, ààyè díẹ̀ sì wà láàárín wọn. Ààyè yẹn tó láti mú kí táyà tẹ̀ sínú tàbí síta. Kí ẹ jẹ́ kó fi ẹfun sàmì sí ojú wọn kí ó tó tú wọn, èyí á jẹ́ kí ẹ lè wa ọkọ̀ dé ibi àláínmẹ́ǹtì láìjẹ táyà, àmọ́ kò rọ́pò rẹ̀. Ohun kan tún ni èyí: tó bá tú nọ́ọ̀tì kankan tó gba inú búṣìn rọ́bà kọjá, irú ti lówà-áàmù, kó má dì í parí nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń fì lókè. Kó kọ́kọ́ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, kí búṣìn jókòó bó ṣe máa wà lójú ọ̀nà, kó wá dì í gírígírí. Tó bá dì í lókè, rọ́bà á máa lọ́ nígbà gbogbo, á sì ya kíákíá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà lọ kó fi sípánà kan nọ́ọ̀tì mẹ́ta orí máúńtìn lẹ́ẹ̀kan sí i. Táyà ọ̀tún tó jẹ gbágungbàgun yẹn, ẹ gbé e sẹ́yìn tó bá ṣì ní ojú. Yóò máa pariwo díẹ̀ kó tó tẹ́jú, ẹ má tìtorí ariwo yẹn dá ṣọ́ọ̀kì tuntun lẹ́bi.